Bàbá Ò Sí Nílé

Ohùn máṣíìnì bàbá mi la fi ń mọ bí nǹkan ṣe ń lọ nílé wa. Tó bá ń dún wàrà-wàrà láìdánudúró, a jẹ́ pé ẹnìkan ti wá halẹ̀ mọ́ wọn lórí aṣọ. Tó bá ń dún díẹ̀, tó dúró, tó tún ń lọ, a jẹ́ pé ọrùn aṣọ ni wọ́n wà, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bá wọn sọ̀rọ̀. Fàráńdà iwájú ni wọ́n gbé máṣíìnì náà sí, ní ilé oníyàrá mẹ́wàá kan lẹ́yìn ọjà Ìkòtún, níbi tí a ti gba yàrá méjì. Sùtánà nìkan ni bàbá mi ń rán, aṣọ funfun àwọn onílé àdúrà. Bí ẹ bá gbé àǹkárá wá, wọn á ní kí ẹ máa gbé e lọ sọ́dọ̀ télọ̀ tó wà nísàlẹ̀, pé ìyẹn ló mọ aṣọ ayé í rán. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ti ń sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún, mo ti lọ́kọ, mo ti bímọ, Ẹ̀gbẹ́dá ni mò ń gbé. Síbẹ̀, bí mo bá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tí fóònù ẹnìkan sì dún níbẹ̀, àyà mi á kọ́kọ́ já. Ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mọ́kànlá ló fà á.

Àwa méjì ni àwọn òbí wa bí. Àǹtí Títí, ẹ̀gbọ́n mi, fi ọdún mẹ́sàn-án jù mí lọ, òun sì ni igbá kejì bàbá mi nídìí iṣẹ́. Òun ló ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sínú ìwé ńlá kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, òun ló ń so bọ́tìnì, òun ló sì ń parọ́. Ẹ má bínú, bó ṣe rí ni mo ń sọ yìí. Ẹ ò rí télọ̀ tí kì í já èèyàn kulẹ̀ rí, àbí ẹ rí i? Tí ìkórè ìjọ bá ti ń bọ̀, tí tọkọtaya, tọmọtọmọ bá fẹ́ wọ sùtánà tuntun lọ́jọ́ kan náà, bàbá mi á gba iṣẹ́ tó ju agbára wọn lọ. Láti ọjọ́ náà, wọn ò ní gbé fóònù tí wọn ò bá mọ nọ́ńbà rẹ̀ mọ́. Wọn á nà án sí Àǹtí Títí, òun á sì sọ ọ́ láìmí rárá: "Ẹ káàsán mà, bàbá ò sí nílé, wọ́n ti lọ sí Ìdúmọ̀tà lọ ra òwú, tí wọ́n bá dé wọn á pè yín." Ó ti gé e nìyẹn. Ó kọ́ èmi náà ní òfin iṣẹ́ yìí. Má jẹ́ kí wọ́n ráyè sọ̀rọ̀. Má dáhùn ìbéèrè kankan. Kí o tó gbé fóònù sétí, kọ́kọ́ sáré lọ sẹ́yìnkùlé, kí wọ́n má baà gbọ́ máṣíìnì. Ìyá mi, tí wọ́n ń ṣe tíṣà ní ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan, á ní, "Ẹ̀ ń rán aṣọ àdúrà, ẹ tún ń kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ irọ́." Bàbá mi á ní, "Irọ́ kọ́ ni jàre, ìyá Títí. Ṣebí mo máa lọ sí Ìdúmọ̀tà lọ́la."

Nǹkan kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé yín. Nílé wa, ẹnikẹ́ni kì í jáde lọ sí ọ̀nà jíjìn láìjẹ́ pé bàbá mi gbé ọwọ́ lé e lórí. Kódà kò ní láti jìn. Bó jẹ́ Òkè-Odò la fẹ́ lọ kí àbúrò wọn, bó jẹ́ ìdánwò la fẹ́ lọ ṣe, o máa kúnlẹ̀ nídìí máṣíìnì, wọn á gbé ọwọ́ ọ̀tún lé ọ lórí, wọn á gbàdúrà. Téèpù tí wọ́n fi kọ́rùn á máa fì síwá sẹ́yìn, irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́nu rẹ̀ á sì máa kàn ọ́ nímú. Èmi máa ń fẹ́ sín ṣáá ni. Àmọ́ o ò gbọ́dọ̀ mira títí wọn á fi ṣe àmín.

Nígbà tí Àǹtí Títí lọ gba fọ́ọ̀mù ṣọ́jà, kò sọ fún ẹnì kankan. Ìgbà tí orúkọ rẹ̀ jáde ló tó sọ ọ́, nígbà tí a ń jẹ ẹ̀bà lọ́wọ́. Bàbá mi gbé òkèlè tó wà lọ́wọ́ wọn padà sínú abọ́. Wọ́n ní, "Aṣọ funfun ni mo fi tọ́ ẹ. Ìwọ wá fẹ́ lọ gbé ìbọn?" Àǹtí Títí ò gbójú sókè. Ó ní, "Dádì, mo fẹ́ ṣe iṣẹ́ tí mi ò ní máa sọ pé ẹ ò sí nílé." Ìyá mi bù kún ọbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì jẹ. Láti ọjọ́ náà títí tó fi lọ, bàbá mi ò bá a sọ ju "gbé sísọ́ọ̀sì wá" àti "gbà" lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó máa lọ, ó wá kúnlẹ̀ nídìí máṣíìnì, ó gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Dádì, mo ti ń lọ o." Bàbá mi ń tẹ pẹ́dàlì lọ. Ó kúnlẹ̀, ó pẹ́. Ìyá mi tí wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà ní, "Bàbá Títí, ẹ dákun, ẹ jọ̀ọ́." Máṣíìnì ń dún. Nígbà tó yá, Àǹtí Títí dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, òun àti ìyá mi sì wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí gáréèjì. Èmi nìkan ni mo rí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, torí èmi nìkan ló kù lọ́dọ̀ bàbá mi. Aṣọ ti tán lábẹ́ abẹ́rẹ́, wọn ò dúró. Abẹ́rẹ́ ń lọ sókè sódò lórí irin lásán, òwú ń lọ́ pọ̀, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lọ ṣá. Mo ní, "Dádì, aṣọ ti tán." Wọ́n ní, "Mo mọ̀."

Àǹtí Títí pè nígbà tó dé ibùdó àwọn ṣọ́jà, lókè ọya lọ́hùn-ún, fóònù ìyá mi ló pè. Ó ní wọ́n máa tó gba fóònù gbogbo àwọn, oṣù mẹ́fà ni ẹ̀kọ́ náà, kí a má ṣèyọnu. Ìyẹn ló gbẹ̀yìn. Bí ìyá mi bá ti ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n tó bọ́ bàtà, wọ́n á pe nọ́ńbà Àǹtí Títí. Ohùn obìnrin kan á sọ pé nọ́ńbà náà kò lọ. Ìyá mi á dúró kí obìnrin yẹn sọ̀rọ̀ tán, kó tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á gbọ́ ọ tán pátápátá kí wọ́n tó gé e. Oúnjẹ èèyàn mẹ́rin ni wọ́n ṣì ń sè. Lọ́jọ́ Sátidé tí a bá se mọ́ínmọ́ín, wọ́n á gbé ti Àǹtí Títí sínú abọ́ ọlọ́mọrí, èyí tó lẹ́yin lódindi, wọ́n á ní, "Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án." Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n á dá nìkan jẹ ẹ́ tútù ní kíṣìnnì, lórí ìdúró, wọ́n á kọ ẹ̀yìn sí wa. Bí rédíò bá dárúkọ òkè ọya pẹ́nrẹ́n, wọ́n á rán mi lọ pọn omi, omi tí kò tán nínú kẹ́ẹ̀gì. Mo máa ń dúró lẹ́yìn ògiri gbọ́ ọ. Èmi náà fẹ́ mọ̀.

Bàbá mi ní tiwọn, wọn ò dárúkọ rẹ̀ mọ́. "Ẹni tó lọ" ni wọ́n ń pè é. "Bísí, wo ibi tí ẹni tó lọ kó bọ́tìnì sí." "Bísí, ẹni tó lọ ló kọ ìwọ̀n yìí, kí ló kọ síbí?" Mo di akọ̀wé, mo di asobọ́tìnì, mo sì di olórí onírọ́. Bẹ́ẹ̀dì tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ ń sùn, tèmi nìkan ni báyìí, ohun tí mo sì ti ń bẹ Ọlọ́run fún nìyẹn láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, torí Àǹtí Títí máa ń fẹsẹ̀ gbá èèyàn lójú oorun. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo ṣì ń sùn, mo fi ibi tirẹ̀ sílẹ̀. Nǹkan tó dùn mí jù nínú ilé yẹn ni pé àwa mẹ́ta ń ronú ẹnì kan ṣoṣo, kò sì sẹ́ni tó bá ẹnì kejì rẹ̀ sọ ọ́. Ilé kún fún ariwo, jẹnẹrétọ̀ lánlọ́ọ̀dù, àwọn ọmọ ayálégbé, aago ṣọ́ọ̀ṣì, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ gidi. Mo máa ń lọ bá ìwé ìwọ̀n, mo máa ń ṣí ojú ewé Àǹtí Títí, mo máa ń ka èjìká rẹ̀, apá rẹ̀, gígùn rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo débẹ̀, mo rí i pé ojú ewé náà ti dọ̀tí létí ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ. Èmi nìkan kọ́ ló ń ṣí i nígbà náà.

Ìkórè wá ń bọ̀. Bàbá mi wọ̀n mí, wọ́n wọn ìyá mi, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá mi ní, "Ti Títí ńkọ́?" Bàbá mi ká téèpù wọn. Fóònù ti ń dún láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ nígbà náà. Ọ̀sán Sátidé kan ni ohun tí mò ń sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ìyá mi wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n lọ bá wọn fọ ilẹ̀. Èmi ń tú ìdí aṣọ kan tí bàbá mi rán bàjẹ́, inú mi ò dùn, ebi ń pa mí. Fóònù dún, bàbá mi wò ó, wọn ò mọ nọ́ńbà náà, wọ́n nà án sí mi láìdá pẹ́dàlì dúró. Ó yẹ kí n sáré lọ sẹ́yìnkùlé. Ọ̀lẹ ò jẹ́ kí n dìde. Ìdí máṣíìnì níbẹ̀ ni mo ti gbé e sétí, mo sì bú jáde: "Ẹ káàsán mà, bàbá ò sí nílé, wọ́n ti lọ sí Ìdúmọ̀tà lọ ra òwú, tí wọ́n bá dé wọn á pè yín." Bí mo ṣe ń mú un kúrò létí láti gé e, mo gbọ́ tí ohùn náà ní, "Bí..." Mo ti tẹ̀ ẹ́.

Ọwọ́ mi dúró lójú kan. Kò sí oníbàárà tó mọ orúkọ mi, "ọmọ télọ̀" ni gbogbo wọn ń pè mí. Bàbá mi ní, "Ta ni?" Mo ní, "Oníbàárà ni." Wọ́n ní, "O ṣeun." Mo padà sídìí aṣọ tí mò ń tú, mi ò rí ojú òwú mọ́. Mo ń dúró kó tún pè. Tó bá tún pè, mo ti pinnu pé mo máa kígbe orúkọ rẹ̀ kí gbogbo ilé gbọ́. Kò pè mọ́. Lọ́jọ́ kejì, mo yọ́ fóònù náà gbé nígbà tí bàbá mi ń wẹ̀, mo pe nọ́ńbà yẹn. Ọkùnrin ni ó gbé e, ohùn rẹ̀ le, ó ń sọ pijin, mo bá já a. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, mo rò pé tí mo bá ṣá ti dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà á kú síbẹ̀.

Kò kú síbẹ̀. Ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìyá mi ti ìsìn Sọ́ńdè dé, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n rìn wálé gẹ́gẹ́ bí àwọn aláṣọ funfun ṣe máa ń rìn, eruku bò wọ́n dé kókósẹ̀. Wọn ò wọlé. Wọ́n dúró níwájú máṣíìnì tó dákẹ́ lọ́jọ́ náà torí ọjọ́ ìsinmi ni. Wọ́n ní obìnrin kan nínú ìjọ, tí ọmọkùnrin rẹ̀ wà níbi tí Títí wà, ní ọmọ òun pè. Pé lọ́jọ́ Sátidé kan, ọ̀gá kan níbẹ̀ ṣàánú wọn, ó tò wọ́n sórí ìlà, ó yá wọn ní fóònù rẹ̀. Nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹnì kan, ìṣẹ́jú méjì péré. "Gbogbo ọmọ ló pe ilé," ìyá mi wí. "Tiwa nìkan ni kò pè. Ó ti kú, àbí ara rẹ̀ ò yá. Tàbí kó jẹ́ pé ó bínú. Bàbá Títí, ẹ ò gbé ọwọ́ lé e lórí. Ọmọ kúnlẹ̀ fún yín bí ìgbà tó wà ní kékeré, ẹ ń tẹ máṣíìnì." Bàbá mi ń wo ilẹ̀. Ìyá mi jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú sùtánà funfun, èyí tí wọn kì í ṣe rí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìpariwo.

Mo ní, "Ó pè."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀. Mo rò pé wọ́n máa lù mí. Ìyá mi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó dàpọ̀ mọ́ ẹkún, wọ́n fà mí mọ́ra, wọ́n ń sọ pé, "Ó wà láàyè, ó wà láàyè, ọmọ mi wà láàyè." Fún ìyá mi, ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá. Bàbá mi bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

"Ṣé máṣíìnì ń dún nígbà yẹn?"

"Ó ń dún, sà."

Wọ́n mú fóònù, wọ́n ní kí n wá nọ́ńbà náà fún àwọn. Ọkùnrin yẹn gbé e, ó ní fóònù òun kì í ṣe ti gbogbo ayé, kí a má pe òun mọ́. Bàbá mi ní, "Ẹ ṣeun, ọ̀gá," ìyẹn sì ti gé e. Wọ́n yọ téèpù tí wọ́n máa ń fi kọ́rùn, kódà lọ́jọ́ ìsinmi, wọ́n ká a, wọ́n wọlé lọ dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, máṣíìnì kò dún títí aago mẹ́wàá fi lù. Àwọn ayálégbé ń wá béèrè bóyá ara télọ̀ ò yá ni.

Nígbà tí wọ́n padà sídìí rẹ̀, aṣọ Àǹtí Títí ni wọ́n kọ́kọ́ gé, nínú ìwọ̀n àtijọ́, nígbà tí aṣọ àwọn tó ti sanwó ń dúró. Wọ́n rán an láàárín ọjọ́ kan ààbọ̀, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n fi kọ́ sórí ìṣó lójú fàráńdà. Ẹni tó bá béèrè pé ta ló ni ín, wọ́n á ní, "Ẹni tó ń bọ̀ ni." Wọ́n sì gba fóònù lọ́wọ́ mi. Láti ọjọ́ náà, kò sí nọ́ńbà tí bàbá mi kì í gbé, mímọ̀ àti àìmọ̀. Bó bá ti dún, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dàlì, wọ́n á ní, "Mo wà nílé o," kí wọ́n tó kíni rárá. Ojú wọn rí nǹkan lọ́dún yẹn! Àwọn oníbàárà ń dé láràárọ̀, wọ́n ń jà, wọ́n ń gba aṣọ wọn padà pẹ̀lú apá kan. Ìyàwó wòlíì kan wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀, ó ní òun ò lọ síbì kankan, bàbá mi ní, "Ẹ jókòó, mà. Mo wà nílé." Nígbà tó di ọ̀sán, ó ti ń bá mi so bọ́tìnì. Àwọn ará ilé ní orí télọ̀ ti yí. Ìkórè kọjá, àwọn kan wọ aṣọ èṣí lọ, wọ́n sì ṣépè fún wa dáadáa. Bàbá mi ṣì ń gbé fóònù.

Sájẹ́ńtì ni Àǹtí Títí báyìí. Ó ti sọ fún mi, nígbà tí èmi náà ti dàgbà tó láti gbọ́ ọ, pé ìyá wa ló ti wà lọ́kàn òun láti pè lọ́jọ́ náà. Ìgbà tó kan òun lórí ìlà ni òun yí i padà, òun pe Dádì. Ó ní òun gbọ́ irọ́ òun láti ẹnu mi, òun sì gbọ́ máṣíìnì. Ọ̀gá yẹn ní ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ ṣì kù fún un, ṣé kò fẹ́ tún un pè. Ó ní rárá, sà, wọn ò sí nílé. Ó fi ìyẹn sáré, ó fi ìyẹn yìnbọn, ó fi ìyẹn sùn, títí ẹ̀kọ́ náà fi parí.

Ọ̀sán ọjọ́ Tọ́sìdeè kan, lẹ́yìn tí ẹ̀kọ́ náà parí, ni fóònù dún. Mo ti ti ilé ìwé dé, mo wà lórí ìkúnlẹ̀ nídìí bàbá mi, mò ń ṣa abẹ́rẹ́ tó dà sílẹ̀. Nọ́ńbà tí a ò mọ̀ ni. Bàbá mi gbé ẹsẹ̀ kúrò. "Mo wà nílé o." Ẹni náà ò sọ̀rọ̀. Bàbá mi wo fóònù bóyá ó ti já, wọ́n dá a padà sétí, wọ́n rọra tún un sọ: "Mo wà nílé." Fóònù wọn máa ń pariwo, kò sóhun tí wọ́n sọ níbẹ̀ tí mi ò gbọ́.

"Ẹ káàsán, sà," Àǹtí Títí wí. "Mo ní kí n béèrè aṣọ mi ni."

Bàbá mi wo ìṣó. "Ó ti wà nílẹ̀," wọ́n ní. "Tìrẹ nìkan ló tètè parí."

Mo ń gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń sunkún lókè ọya lọ́hùn-ún. Bàbá mi ní, "Títí, ṣé o wà lórí ìdúró?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní, "Kúnlẹ̀." Wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa gbé e lé. Wọ́n bá gbé e lé mi lórí, wọ́n fi fóònù mọ́ ẹnu, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà náà láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lódindi. Ẹnu téèpù ń kàn mí nímú, mo fẹ́ sín. Mi ò mira. Orí Àǹtí Títí ni.